Ọkọ̀ Mẹ́sàn-án Ló Wá Pàdé Mi

Láti ìgbà tí mo ti ti Kígálì dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Ẹ ń bi mí ní ìsọ̀ mi ní Akówonjò, ẹ ń bi mí nínú kẹ̀kẹ́, ẹ tilẹ̀ bi mí níbi ìsìnkú. Èsì kan náà ni mo ń fún yín: "Ó dára, ó mọ́ tónítóní." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí mo fi ń sá fún òótọ́ mìíràn ni. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ó ṣe rí gan-an, kí ẹ lè mọ ìdí tí ibùdó bátìrì tí gbogbo wa ń retí ní Ìkòtún kò fi ní wá sí Ìkòtún mọ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, fóònù àti ìnfátà ni mo ń tún ṣe. N kò lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde nídìí ọkọ̀ ni ìfẹ́ mi, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ara mi nípa rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń kọjá lẹ́yìn ilé, mo lè sọ fún yín láì jáde bóyá èyí tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo ni tàbí èyí tó ń jó epo nìkan. Èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín dúdú, epo ni kò jó tán. Èyí tó ń mú ayé gbóná jù, kábọ́ọ̀nù, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń bá a jà.

Mo ya ètò ọlọ́jọ́ gígùn kan fún Alímọ̀ṣọ́: ìgbà tí kẹ̀kẹ́ epo yóò bẹ̀rẹ̀ sí dín kù, ìgbà tí ti bátìrì yóò gba ipò rẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀sì ńlá yóò máa gbà, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn yóò ṣe ti Ìgàndó dé Ìkòtún láì bọ́ sí gọ́tà. Ètò náà gùn títí dé ìgbà tí Tómi ọmọ mi, tó wà ní pírámárì báyìí, yóò ti máa tọ́ ọmọ tirẹ̀. Màmá Ṣèyí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí í ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, ló fi í ránṣẹ́ sí àwọn kan tó ń pe àwọn aráàlú jọ láti àwọn ìlú ńláńlá Áfíríkà. Wọ́n fẹ́ kọ́ ibùdó bátìrì kan sí àdúgbò kan ṣoṣo, ibi tí kẹ̀kẹ́ yóò ti fi bátìrì tó ti tán sílẹ̀, kí ó gbé èyí tó kún, kí ó sì máa lọ. Wọ́n ní kí n wá sọ tẹnu mi ní Kígálì, ní Rùwáńdà.

Ọjọ́ tí mo ń lọ, Alhaji Mùfútáù, alága wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta irin ìkọ́lé, di ọwọ́ mi mú. "Bàbá Tómi, lọ gbé e wá. Má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì wá."

Gààrí nínú bébà

Kí n tó fẹsẹ̀ tẹ ìlú ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí. Ní pápákọ̀ òfurufú wọn, ọmọbìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù ní kí n ṣí báàgì mi. Gààrí Ìjẹ̀bú wà nínú náílọ́ọ̀nù, náílọ́ọ̀nù náà wà nínú náílọ́ọ̀nù, mo sì tún fi ẹ̀kẹta wé e nítorí ìrìn-àjò. Wọn kì í gba náílọ́ọ̀nù wọ ìlú wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti kà á, mo sì ti sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn ní ìsọ̀ mi bí ohun ìwúrí. Kò kàn wá sí mi lọ́kàn pé ohun tí mo fi di gààrí náà ni wọ́n ń sọ.

Ọmọbìnrin náà kò jágbe mọ́ mi. Ó mú àpò bébà wá, ó da gààrí náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹyọ kan kò bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Oúnjẹ yín, ẹ óò jẹ ẹ́ tán. Èyí ni kì í tán."

Ìlú òkè ni Kígálì. Ó dà bí ẹni pé wọ́n kó àwọn òkè Èkìtì jọ, wọ́n wá tẹ́ ọ̀dà sí wọn lára. Ọ̀kadà tó gbé mi láti ojú títì dé ilé tí mo wọ̀ sí, bátìrì ló ń lò. Ẹni tó gùn ún fún mi ní akoto, ó sì dúró títí mo fi dè é lábẹ́ àgbọ̀n kó tó ṣí. Mo tẹ́ etí sílẹ̀ fún ẹnjìnnì, kò sí ẹnjìnnì. Ìró táyà lórí ọ̀dà ni mo ń gbọ́, àti ìró ọmọ kan tó ń sunkún nínú ilé kan tí a kọjá. Ní Ìkòtún, ọmọ lè sunkún lórí itan rẹ kí o má gbọ́.

Oúnjẹ wọn kò ṣàjèjì sí mi tó bí mo ṣe rò. Wọ́n ń gún ewé ẹ̀gẹ́, wọ́n ń sè é pọ̀ mọ́ ẹ̀pà, wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè jẹ ẹ́. Wọ́n bu wàrà kíkan fún mi nínú ife ńlá. Ata nìkan ni kò sí níbẹ̀. Mo béèrè ata, wọ́n gbé ìgò kékeré kan wá tí ẹnu rẹ̀ kò ju ti oògùn ojú lọ. Ìyá tó ń gbé oúnjẹ fún wa ní kí n kán ẹyọ kan. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ Yorùbá ni mí. Mo fún un bí ẹni ń fún ọsàn. Ìyá náà jókòó tì mí, ó ń fi àwo rẹ̀ fẹ́ mi ní atẹ́gùn títí omi ojú mi fi dá.

Lọ́jọ́ kejì mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mo bó o, mo ń jẹ ẹ́ lọ lójú títì. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń bọ̀ níwájú mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ṣèèṣì rí ènìyàn níhòòhò. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ fún mi pé àgbàlagbà kì í jẹun lójú ọ̀nà níbẹ̀. Mo gbé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sínú àpò ṣòkòtò mi dé ilé.

Lórí ìlà

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mo ní kí n wọ bọ́ọ̀sì bí àwọn ará ìlú. Àwọn ènìyàn tò sí ibùdókọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, àlàfo sì wà láàárín wọn. Ìyá kan tó ti hewú ló wà níwájú pátápátá, sálúbàtà ló wọ̀, àpò aṣọ kan wà léjìká rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dé, ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀yin ará mi, ẹsẹ̀ mi kò bi mí léèrè. Bí a ti ń ṣe ní Ìyànà-Ìpájà ni mo ṣe: mo fi èjìká wọlé, mo di irin ẹnu ilẹ̀kùn mú, mo ré ìyá náà kọjá, mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé, mo sì gbé báàgì mi sí àga kejì.

Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ká ní ilé ni, ẹnì kan ìbá ti ní, "Ẹ wo ọkùnrin yìí, ṣé bàbá rẹ ló ra mọ́tò ni?" Èmi náà á ní, "Wá gbé mi bọ́lẹ̀ jàre," ọ̀rọ̀ á parí, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín kí a tó dé Dọ̀pẹ̀mú. Níbẹ̀, wọ́n wọlé bí wọ́n ṣe tò. Ìyá yìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo báàgì mi.

"Ṣé ẹnì kan ń bọ̀ níbẹ̀?"

"Rárá o, mà." Mo fa báàgì mi sórí itan.

Ó jókòó. Nígbà tó yá ó bi mí ibi tí mo ti wá. Mo ní Èkó. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀," ó sì wo iwájú.

Ẹni tó wà nínú jíìpù

Ẹni tó ń darí ìpàdé náà ni Madamu Klódínì. Kò sẹ́ni tó ti rí i rí nínú àwa àlejò. Òun ló ti bá wọn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣètò bí èéfín ọkọ̀ yóò ṣe dín kù ní ìlú náà, ẹnu rẹ̀ ni a ó sì ti gbọ́ àdúgbò tí ibùdó bátìrì yóò lọ. Mo ní kí n ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo dé fìlà mi, mo dúró sẹ́nu géètì láti kí i kí ẹnikẹ́ni tó kí i.

Àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ wọlé, n kò wò wọ́n. Ọkọ̀ ni mo ń wò.

Jíìpù dúdú kan yọ. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dúró níwájú mi gan-an. Bàbá àgbà kan sọ̀ kalẹ̀. Mo rò ó pé ọkọ Madamu nìyí, tàbí ọ̀gá rẹ̀ pàápàá, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta wẹ́wẹ́ náà, àyà kanlẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá náà, ó fà sẹ́yìn dé ara ọkọ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn jíìpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àga jáde. Àga ìpàdé ló gbé wá.

Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi. "Ọ̀gbẹ́ni Èkó, ṣé ẹ ṣubú ni?"

Ìyá inú bọ́ọ̀sì ni. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ti ń pè é ní Madamu Klódínì kí n tó gbọn eruku kúrò láyà.

"Ṣé ẹ mọ bàbá yìí ni?" ló bi mí.

"Rárá, mà. Mo rò pé ara ilé yín ni."

"Kí ló mú yín rò bẹ́ẹ̀?"

Mo wo jíìpù náà. Òun náà wò ó. Kò bi mí mọ́. Ó gbé àga kan, mo gbé méjì, a sì wọlé.

Títí di ọdún wo

N kò ní fi irọ́ rẹ ara mi sílẹ̀: mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọ́n bi mí bí ẹrù kẹ̀kẹ́ ṣe ń mú kí bátìrì tètè tán, mo dáhùn. Wọ́n bi mí ohun tí a ó ṣe nígbà tí omi òjò bá gba ọ̀nà Ìgàndó, mo dáhùn. Wọ́n bi mí ibi tí iná yóò ti wá nígbà tí kò bá sí iná, mo fi panẹ́ẹ̀lì oòrùn orí òrùlé ọjà hàn wọ́n, ìlà lórí ìlà. Mo ń rí i lójú wọn pé Ìkòtún ti ń sún mọ́ nǹkan náà. Ọkàn mi ti ń bá Alhaji sọ̀rọ̀.

Madamu Klódínì ló béèrè kẹ́yìn. "Ètò yín mọ ẹnjìnnì dáadáa. Àwọn àgbà àdúgbò yín ńkọ́, kí ni wọ́n ń wọ̀?"

"Mọ́tò tiwọn, mà."

"Títí di ọdún wo?"

Mo yí ìwé mi síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Mo ní ọdún fún kẹ̀kẹ́, mo ní ọdún fún bọ́ọ̀sì, mo ní ọdún fún gọ́tà. N kò ní ọdún kankan fún Alhaji.

Ó ní nígbà tí àwọn náà bẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló gbà pé nǹkan náà dára fún tálákà. Ìgbà tí àwọn ènìyàn pàtàkì bẹ̀rẹ̀ sí dúró lórí ìlà ni ìlà tó di ohun tí ojú kò ti ènìyàn láti dúró lé lórí. Nítorí náà, àdúgbò tí ibùdó bá máa lọ, kí àwọn àgbà ibẹ̀ máa fi ọkọ̀ èrò rìn bí ó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́, lílọ àti bíbọ̀. Kí a máa fi fọ́tò rẹ̀ hàn wọ́n lórí gúrúùpù wáàsáàpù ètò náà. Wọ́n ti fi Màmá Ṣèyí sí i.

"Ṣé yóò ṣòro?" ló bi mí.

"Kò ní ṣòro rárá, mà. Àwọn àgbà wa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kí n tó padà, wọ́n ti àwọn ọ̀nà kan pa mọ́ fún mọ́tò, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọmọdé, arúgbó, olówó, gbogbo wọn bọ́ sójú títì, wọ́n ń sáré, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Mo rìn láàárín ọ̀nà bí ẹni tó ni ìlú. Mo ń sọ fún ara mi pé báyìí ni ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá yóò ṣe rí lọ́jọ́ kan, pé ọwọ́ mi ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹjà

Mo ti pinnu pé bọ́ọ̀sì ni n ó wọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú dé ilé. N kò tíì sọ àdéhùn náà fún ẹnikẹ́ni nílé, mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ bí mo bá dé. Mo ti ń wéwèé bí n ó ṣe ya fọ́tò ara mi lórí ìlà ní Òṣòdì, kí n fi ránṣẹ́ sí wọn.

Mo jáde síta, fèrè ọkọ̀ dún. Òmíràn dá a lóhùn. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ni. Jíìpù Alhaji ló wà níwájú, mọ́tò ìkẹ́rù ìsọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́yìn, àwọn yòókù tò tẹ̀ lé wọn, gbogbo ẹnjìnnì wà ní títàn nítorí èésì tó ń mú inú ọkọ̀ tutù. Wọ́n fi aṣọ ńlá kan kọ́ iwájú jíìpù, àwòrán ojú mi wà lára rẹ̀: AKỌNI AFẸ́FẸ́ MÍMỌ́, KÁÀBỌ̀ SÍLÉ. Èéfín mọ́tò ìkẹ́rù yẹn ti ń sọ àwòrán mi di dúdú. Epo tí kò jó tán ni.

"Alhaji, ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ wọ̀."

"Wọ kí ni?"

"Ìlérí tí mo ṣe fún wọn ni, sà. Wọ́n ní kí a..."

"Bàbá Tómi, ṣé ọmọ òrukàn ni ọ́?" Ohùn Alhaji kò le, àánú mi ló ń ṣe é. "Kí wọ́n wá sọ pé o re òkè-òkun, o dé, kò sẹ́ni tó pàdé rẹ lọ́nà? Lójú ayé mi? Wọlé jàre."

Màmá Ṣèyí ti gbé fóònù sókè. "Ẹ rẹ́rìn-ín, Bàbá Tómi. Ẹ rẹ́rìn-ín síbí."

Mo wọlé. Ká ní gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn, ǹ bá dá a lé àwọn àgbà lórí, ǹ bá sì sùn. Ṣùgbọ́n jíìpù Alhaji ní fèrèsé lórí òrùlé. Wọ́n ní kí n yọjú níbẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè rí mi. Mo kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a fi máa dé Ẹ̀gbẹ́dá, mo ti dìde dé ìbàdí, mo ń juwọ́. Fèrè ń dún, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń sá fún wa sínú gọ́tà, àwọn tí mo ti ya ọ̀nà fún nínú ètò mi. Mo rí oníbàárà mi kan tí kì í pè mí ju "onífóònù" lọ, ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn. Kì í ṣe pé mo fara dà á. Inú mi dùn débi pé nígbà tí awakọ̀ ní kí a gba ọ̀nà ẹ̀yìn kó lè yá, èmi ni mo ní kó gba ojú títì.

Ìbéèrè kan

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá Ṣèyí ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sórí wáàsáàpù wọn, láti fi hàn pé a kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Madamu Klódínì ló fèsì: "Ẹ kú ìrìn, Ọ̀gbẹ́ni Èkó. Ó dára tí àwọn ènìyàn yín fẹ́ràn yín tó báyìí. Ọdún wo ni èyí wà nínú ètò yín?"

Màmá Ṣèyí pè mí. "Ẹ ti rí i? Inú wọn dùn sí wa."

N kò lè sọ fún un. Mo rò ó láti kọ̀wé sí Madamu pé ìgbéyàwó ẹlòmíràn ni a ṣèèṣì bọ́ sí àárín rẹ̀. Àwòrán ojú mi wà níwájú ọkọ̀ ṣá. Níkẹyìn mo kọ ọ́ pé: "Kò sí nínú ètò mi, mà. N kò ronú kàn án." Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Mo ti wọn epo, mo ti wọn ọ̀nà, mo ti wọn oòrùn. N kò wọn iyì. N kò mọ̀ pé nígbà tí a bá ń wọ mọ́tò nílẹ̀ wa, iyì ni a ń wọ̀, pé mọ́tò kàn gbé e ni.

Nígbà tó yá, wọ́n fi ibùdó náà fún àdúgbò kan ní ìlú mìíràn. Wọn kò bú wa. Wọ́n ní bí a bá ti múra tán, kí a tún kọ̀wé.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín yìí, láti orí jíìpù alága dé orí fèrèsé òrùlé. Ariwo sọ. "Nítorí pé a bu iyì fún èèyàn?" "Àwọn wo ni wọ́n pe ara wọn?" Màmá Ṣèyí kò bá wọn pariwo. Ó ní, "Èmi ni mo fi ránṣẹ́. Ọwọ́ mi ni mo fi bà á jẹ́." Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Kò gbà.

Alhaji yíjú sí mi. "Ọkọ̀ ta ló wà níwájú lọ́jọ́ náà?"

"Ti yín ni, sà."

"Hẹn." Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Mò ń lọ sí Mẹ́kà fún Úmúrà. Bí mo bá ń bọ̀, ìwọ nìkan ni kí o wá pàdé mi. Ọkọ̀ èrò ni kí o wọ̀ wá."

Bọ́ọ̀sì Òṣòdì

Mo lọ. Alhaji jáde wá nínú jàlámíà funfun, gálọ́ọ̀nù omi Sámúsámù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹnikẹ́ni má wá, síbẹ̀ ẹ̀yìn mi ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà nínú bàálù ń wọ mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, fèrè ń dún fún un níwájú, ó ń dún lẹ́yìn.

"Alhaji Mùfútáù, àwọn tìrẹ dà?" ọkùnrin náà ké sí i.

"Wọ́n wà nílé," ni Alhaji dáhùn.

Mo yọ fóònù mi. Mo fẹ́ pe awakọ̀ rẹ̀. Mo bura fún yín, mo ti fi ìka kan orúkọ rẹ̀.

"Fi nǹkan yẹn sápò," ni Alhaji wí láì wò mí. "Gba gálọ́ọ̀nù yìí."

Ní Òṣòdì, a tò sẹ́yìn àwọn ènìyàn. Oòrùn mú. Bọ́ọ̀sì búlúù ńlá dé, ilẹ̀kùn ṣí, ẹsẹ̀ mi tún gbéra: mo fẹ́ sáré gba àga fún àgbà. Ó di ẹ̀yìn aṣọ mi mú.

"Bàbá Tómi. Àwọn èèyàn wà níwájú."

A dúró nínú bọ́ọ̀sì títí a fi kọjá Ìsọlọ̀ kí ọmọkùnrin kan tó dìde fún un. A sọ̀ ní Ìkòtún, mo ru báàgì, mo gbé gálọ́ọ̀nù. Ìyá kan tó ń ta irinṣẹ́ nítòsí ìsọ̀ Alhaji rí wa bí a ṣe ń fẹsẹ̀ bọ̀ láti róńdábáòtì. Ó fi owó tó ń kà sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Alhaji, Ọlọ́run á gbà á o. Ta ló kú, tí wọn ò fi wá gbé yín?"

Gbogbo ìsọ̀ yíjú sí wa. Alhaji tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Kò sẹ́ni tó kú," ló wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n má wá."

Ohùn rẹ̀ kò ròkè bí ó ti máa ń ròkè. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tún okùn báàgì tí kò tú so, kí ó má bàa rí bí ojú ṣe ń tì mí.